Omi Gbígbóná Fún Irúgbìn Ewédú

Ìyá Tíṣà, ẹ kú àbọ̀.

Mo ti lọ sọ́jà Àpòmù. Ewédú tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé ò hù, ó di ọjọ́ kẹwàá lónìí. Nígbà tí ẹ ní kí n kọ́kọ́ da omi gbígbóná sí irúgbìn rẹ̀, mo ṣebí ẹ fẹ́ pa á ni, mo bá gbìn ín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí ẹ̀yin da omi gbígbóná sí, tí ẹ fọ́n sídìí àmù, ti yọ ewé.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣe irúgbìn tó kù bí ẹ ṣe wí, mo sì gbìn ín. Òjò àrọ̀kúrò ò ní pẹ́ dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bomi rin ín nírọ̀lẹ́.

Ẹ má bínú, mo ti fẹjọ́ yín sun Bàbá Nàfísátù pé ẹ fẹ́ ba irúgbìn mi jẹ́. Tó bá ṣáájú mi délé, tó ń fajú ro, ẹ mú un lọ sídìí àmù.

Sàlámọ̀tù