Ife Omi Tí Ìjọ Torí Rẹ̀ Bọ́ Sùtánà Lára Màmá Beatrice Àríkẹ́ Ẹkúndayọ̀ (1938–1997)

Ní ìlú Ìfọ̀, ní agboolé Òjó, ni a ti bí Màmá wa, Beatrice Àríkẹ́, ní ọdún 1938. Samuel Òjó, àgbẹ̀ olóbì, ni bàbá wọn. Ìyá wọn ni Rebecca Àyọ̀kẹ́, ẹni tí wọ́n máa ń wá kàn níbi ìyàwó àti níbi òkú nítorí ohùn rẹ̀. Ìdílé ni ohùn Màmá ti wá. Ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ìyẹn, nítorí àwọn kan wà níjokòó yìí tí wọ́n ti fi ẹnu wọn sọ ohun mìíràn.

Màmá ka ìwé mẹ́fà jáde ní Ìfọ̀ ní ọdún 1953. Àwọn ni tíṣà máa ń pè kí wọ́n dá orin láàárọ̀. Ní 1959, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bàbá wa, Josiah Ẹkúndayọ̀, tó jẹ́ fọganáísà, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1978, gbogbo ilé kó wá sí Okokomaiko. Bàbá ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà, Màmá ń ta búrẹ́dì ní Alábà, níwájú àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin. Ẹni tó bá mọ Alábà mọ ohun tí à ń wí. Sípíkà lọ́tùn-ún, sípíkà lósì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn; bí oníbúrẹ́dì kò bá pariwo ju gbogbo wọn lọ, bó ṣe gbé àtẹ wá ni yóò ṣe gbé e padà sílé.

Ní 1981, wọ́n wọ ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, tí Wòlíì Ọláìtán jẹ́ olórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí Màmá fi di ẹni tí ń dá orin. Lọ́jọ́ Ìsinmi, níbi ìṣọ́ òru, níbi ìkórè, àwọn ni. Ìjọ kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà náà. Ọ̀fun Màmá ni ẹ̀rọ. A kò rí ohun tí wọ́n fẹ́ràn láyé wọn tó kí wọ́n dá orin kí ìjọ gbè é.

Ní 1986, ohùn wọn há. Ó há títí ó fi dà bí ilẹ̀kùn onírin tó ti dógùn-ún. Kí ni ìjọ ṣe sí i? Wọ́n ní ayé ló gba ohùn, pé kí Màmá gbààwẹ̀, kí wọ́n sì máa pariwo Halelúyà títí ọ̀nà ọ̀fun yóò fi là. Ẹ gbọ́ o! Ọ̀fun tí ariwo pa, ariwo ni wọ́n tún fi ń wò ó. Lọ́dún kejì, Màmá kò lè pe ọmọ wọn láti yàrá kan sí ìkejì.

Túnjí, àkọ́bí, ló mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan nígboro Èkó. Dókítà fi dígí kékeré wo ọ̀fun wọn, ó rí kókó wíńníwíńní níbi tí ohùn ń gbà jáde. Ó ní ariwo ló fà á, pé ọ̀rọ̀ kò tíì di ti iṣẹ́ abẹ. Ó wá fi Màmá lé Ìyáàfin Ọ̀ṣunbíyìí lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí kò ju ẹgbẹ́ Túnjí lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú ohùn. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ó ní kí Màmá yé pariwo, kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú, nítorí ìyẹn náà ń fìyà jẹ ọ̀fun. Kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Ó kọ́ wọn láti máa mí láti ikùn, láti pa ètè dé kí wọ́n máa kùn títí ètè yóò fi máa gbọ̀n, àti láti máa fi sítíróò tí a fi ń mu mínírà fẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ sínú ife omi. Bàbá ra agogo kékeré kan kí Màmá lè máa fi polówó búrẹ́dì.

Láràárọ̀ ni Màmá ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ife wọn. Ọmọ ìjọ kan tí a jọ ń gbé ilé yọjú lójú fèrèsé, ó rí i tí Màmá ń fẹ́ omi, tí wọ́n ń kùn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ ti dé etí Wòlíì pé Beatrice ń bọ òrìṣà omi. Wòlíì ní òun ti rí i lójú ìran tẹ́lẹ̀. Ó ní ṣé orúkọ obìnrin ilé ìwòsàn náà, Ọ̀ṣunbíyìí, kò tó ẹ̀rí ni? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbá omi àdúrà tirẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó kún dẹ́múdẹ́mú.

Ní oṣù kẹta ọdún 1988, ó pe Màmá síwájú gbogbo ìjọ. Ó ní bí kò bá jẹ́ ti omi, kí Beatrice fi igbe pe orúkọ Jésù kí gbogbo Ọ̀tọ̀ gbọ́. Màmá mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá kígbe, ọ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná yóò tún bàjẹ́. Bí wọn kò bá kígbe, orin tán nìyẹn. Wọ́n fi ohùn kékeré dá a lóhùn pé:

“Wòlíì, Jésù kì í ṣe adití.”

Ó pàṣẹ, àwọn àgbà ìjọ sì bọ́ sùtánà lára ìyá wa, ó ku yẹ̀rì. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, lójú ọkọ, lójú ọmọ! Bàbá bọ́ sùtánà tiwọn náà sílẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì wọn bo ìyàwó wọn, àwọn méjèèjì sì fẹsẹ̀ rìn padà sí Okokomaiko. Inú wa kò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní díbọ́n pé ó ti rọ̀ nítorí pé òkú wà nílẹ̀.

Màmá kò fi ife wọn sílẹ̀. Nígbà tí 1989 yóò fi parí, kókó ti yọ́. Ohùn òkè ti ìgbà ọmọge kò padà, ṣùgbọ́n èyí tó padà nípọn, ibi tí Màmá bá rán an ló ń jẹ́ ẹ dé. Wọ́n ń dá orin ní ìjọ kékeré kan nítòsí Ìyànà-Ìbá, wọn kò sì wọ sùtánà mọ́ láyé wọn.

Iṣẹ́ ìlú tí Màmá ṣe kò ní oyè nínú. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ohùn rẹ̀ há ní Okokomaiko, tíṣà tó ń pariwo mọ́ ọmọ ní Ìbá, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ń wá. Màmá á kọ́kọ́ mú wọn lọ fi ọ̀fun han àwọn tó mọ̀ ọ́n wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ohùn híhá ni ariwo fà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ máa fẹ́ omi ní ẹ̀yìnkùlé. Yínúsà, tó ń pe ìrun ní Ìyànà-Ìbá, wà lára wọn, kò sì sí ẹni tó bi í ní mọ́ṣáláṣí pé omi wo ló ń bọ.

Ní 1995, ohùn Wòlíì Ọláìtán fúnra rẹ̀ há. Ó rán ìyàwó rẹ̀ wá bá Màmá lábẹ́lẹ̀. Àwa ọmọ fárí gá pé kí wọ́n lé e. Màmá ní:

“Ẹnu rẹ̀ ló ṣẹ̀ mí, ọ̀fun rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.”

Wòlíì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó fẹ́ omi, ó kùn, ohùn rẹ̀ sì là. Ohùn yẹn ló fi ń wàásù dòní. Kò sí Ọjọ́ Ìsinmi kan tó fi sọ fún ìjọ pé òun ṣi ẹjọ́ Beatrice dá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru mú Màmá lọ ní oṣù kẹwàá ọdún yìí, 1997. Wọ́n fi Bàbá sílẹ̀ sáyé, àti àwọn ọmọ: Túnjí, Yẹ́misí, Débọ̀ àti Yétúndé, àwọn ọmọ-ọmọ, àwọn ẹbí ní Ìfọ̀, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ ketekete lónìí nítorí wọn.

Ìjọ Ọ̀tọ̀ ti ránṣẹ́ pé àwọn yóò mú sùtánà wá fún òkú, àti ẹgbẹ́ akọrin. Sùtánà, a kò gbà. Èyí tí ẹ bọ́ lára alààyè, ẹ má wọ̀ ọ́ fún òkú. Orin, a gbà, nítorí Màmá fẹ́ràn orin. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu létí pósí yìí, gbogbo wa yóò pa ètè dé, a ó sì kùn bí Màmá ṣe ń kùn ní ẹ̀yìnkùlé. A ti fi àga kan sílẹ̀ níwájú fún Wòlíì Ọláìtán. Òun ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n.

Màmá, ẹ sun oorun ire. Ẹni tí ẹ ń lọ kọrin fún kì í ṣe adití.