Ìwé Kì Í Padà Lọ́wọ́ Òfo

Ìta-Ògbólú,
Oṣù Agẹmọ.

Olúgbémiga, Àkàndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí onílé yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ti fi kún owó ilé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run tó mú yín dé Ìjàpọ̀ l'Ákùúrẹ́ kò ní jẹ́ kí Ìjàpọ̀ gbé yín mì. Bí o bá bi mí pé báwo ni mo ṣe wà, ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi fà á nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun náà sì ti wúlò, torí òun ló ń sọ fún mi pé kí n lọ ká aṣọ tí mo sá.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní gùn, fóònù ò sì ní sùúrù. Bí èèyàn bá ti ń dé ibi tó dùn báyìí, obìnrin tó wà nínú rẹ̀ á dá sí i, á ní owó mi ti tán. Mi ò mọ ẹni tó tọ́ obìnrin yẹn dàgbà, kì í kí èèyàn kó tó sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, kí awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Arakale lọ́dọ̀ yín bá mi mú un wá.

Ìròyìn ilé ò pọ̀. Ewúrẹ́ Reuben, aládùúgbò wa tó ń ṣe oko kòkó, ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì jọ Reuben níwájú orí. Wọ́n ti kun ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn kan ní ó wuyì, àwọn kan ní ó dà bí ilé ìwòsàn. Èyí tó ń yún mi lọ́fun gan-an ni ti ilé ìkàwé, tí ẹ̀yin ń pè ní láíbìrì, ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà wa yẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń gba owó orí ni, mo sì máa ń yára kọjá.

Òjò ló lé mi wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo wọlé, mo rí i tí àwọn èèyàn díẹ̀ jókòó, gbogbo wọn doríkodò, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan nídìí tábìlì wò mí, ó fi ìka kan ẹnu. Àyà mi já! Mo rọra jókòó, mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró, mo wá bi ẹni tó sún mọ́ mi pé ṣé àgbà ni olóògbé àbí ọ̀dọ́. Ọkùnrin ìdí tábìlì yẹn ló dìde wá bá mi, Silas ni orúkọ rẹ̀, òun ni alábòójútó ibẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, wọ́n ń kàwé ni. Mo ní gbogbo wọn? Ó ní gbogbo wọn.

Bó ṣe lanu ni mo ti mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni bíi tèmi, a bá fi èdè ilé kí ara wa, ara mi sì balẹ̀. Ó ní ìwé wo ni mo fẹ́. Mo ní Bíbélì àti ìwé orin ni mo mọ̀, wọ́n sì wà nílé. Ó lọ mú ìwé kan wá, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bìrìpò tí wọ́n ń fi kókò sè wà níbẹ̀, ọ̀jọ̀jọ̀ tí wọ́n ń fi ewùrà dín wà níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ tí òórùn rẹ̀ ń ta sí mi nímú. Ohun tí ìyá mi ń sè nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Silas wá ní kí n máa mú un lọ sílé. Mo ní èló? Ó ní ọ̀fẹ́ ni, kí n ṣáà dá a padà.

Àkàndé, irú èèyàn wo nìyẹn? Kò mọ̀ mí rí, ó gbé ohun ìní ìjọba lé mi lọ́wọ́! Ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó lè dúró fún mi. Mo ní Jésù. Ó ní ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù ni. Ìwọ ni mo wá kọ, nítorí náà bí ìwé yẹn bá sọ nù, ìwọ ni wọ́n á wá mú, má bínú. Ó fún mi ní káàdì kan tí orúkọ mi wà lára rẹ̀. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Joy, ọmọ tó ń ṣe POS ní ìkóríta, ó fi sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ náà pariwo bí ọmọ tí ebi ń pa. Joy ní kò sówó nínú rẹ̀. Mo ní mo mọ̀, ìwé ló wà nínú rẹ̀. Báńkì tí o mú mi lọ yẹn gba nọ́ńbà, ó gba àwòrán, ó gba ìtẹ̀ka, títí dòní kò fún mi ní ohun tí mo lè kà kí n rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú fi mí sílẹ̀, mi ò gún iyán mọ́. Ta ni mo fẹ́ gún un fún? Odó ńlá, iyán ẹnu kan. Ẹ̀kọ tútù ni mo máa ń jẹ lórí ìdúró, bí o bá sì pè pé kí ni mo jẹ, mo máa ń dárúkọ ẹran fún ọ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìwé yẹn lórí bẹ́ńṣì mi, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu mi, mo dìde, mo rẹ ẹ̀wà.

Nígbà tó tó àkókò láti dá a padà, ìwọ náà mọ bí mo ṣe tọ́ yín. Bí ará ilé kejì bá bu ọbẹ̀ fún wa, a kì í dá abọ́ rẹ̀ padà lófìfo. Bí kò ju iyọ̀ lọ, nǹkan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé tí mo jẹ àjẹyó nínú rẹ̀ báyìí ni kí n wá dá padà lọ́wọ́ òfo, kí Silas ní àwọn ará Ìta-Ògbólú ò lẹ́kọ̀ọ́? Mo pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé, ẹlẹ́yin, ẹlẹ́ja, mo gbé ìwé lé e lórí, mo dé ibẹ̀.

Ojú Silas lọ sókè. Ó ní oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí ìwé wà, ó nawọ́ sí pátákó kan lára ògiri. Mo kí pátákó náà, mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká jáde. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níta ló ti jẹ ẹ́, ó lá ewé rẹ̀ kó tó jù ú nù. Ó wá ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun wá síbí, kò sẹ́ni tó bi òun pé ṣé òun ti jẹun. Ẹnu oúnjẹ yẹn náà ló ti sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa. Àwọn ará ọ́fíìsì kan l'Ákùúrẹ́ kọ̀wé pé àwọn èèyàn kì í wá, àwọn máa wá wò ó, bó bá rí bẹ́ẹ̀ àwọn á kó ìwé lọ, ibẹ̀ á di ilé ìkó-sìmẹ́ńtì sí. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní tàn ọ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tí mo lè se oúnjẹ fún, kí n tún padà sídìí ẹ̀kọ tútù?

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ọmọ Oǹdó kan wà lẹ́yìn ọjà tó ń yá èèyàn ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lọ yá, bí ẹ bá sì ń dá a padà, ẹ mọ ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Kò pẹ́ tí ọjà fi gbọ́. Rùkáyátù, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ata, yá ìwé àwòrán fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi wàrà díndín dá a padà, wàrà yẹn dùn débi pé mo gbàgbé orúkọ ara mi. Reuben ò mọ̀wé, síbẹ̀ ó yá tirẹ̀ kó lè rí nǹkan dá padà. Ìwé katakata ló mú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á sí i létí, Reuben tí kò fọwọ́ kan katakata rí wá di ẹni tó ń kọ́ gbogbo wa bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Abẹ́ máńgòrò wá kún. Ẹni tó ń bó iṣu ń bó iṣu, ẹni tó mọ̀wé ń kà á sókè, bó bá dé ibi tó dùn, ọmọ odó á dúró lófuurufú. Mo tún ń gúnyán o, Àkàndé. Apá mi ti le.

Ọjọ́ tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń bọ̀ pé. Ìyáàfin Fọlákẹ́mi ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn, gèlè rẹ̀ le gan-gan. Àwa ti ní àlejò ńlá ni, gbogbo wa ti wà nídìí ààrò láti òwúrọ̀, oníkálukú mú ìwọ̀nba tó kù nílé wá. Ó kí wa, ó wọlé. Ó bá ibẹ̀ lófìfo! Kò sẹ́ni lórí ìjókòó, torí ìta ni gbogbo wa wà. Èyí tó burú jù, kò síwèé lórí pẹpẹ. Àfi bíi mélòó kan tí eku ti jẹ etí wọn.

Ìyáàfin bi Silas pé ó kó ìwé ìjọba lọ sí ibo. Ó bi í bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti tà á. Òógùn bo Silas, ó ní àwọn èèyàn ló yá wọn, ó rò pé wọ́n ṣì ń kà wọ́n ni. Obìnrin náà ní ṣé gbogbo wọn, ó sì fa bírò yọ.

Ojú mi là. Iṣu tuntun ò tíì jáde! Ẹ̀wà ti wọ́n, ẹja ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Kò sẹ́ni tó ní ohun tó lè fi dá ìwé padà, ojú sì ń ti oníkálukú, wọ́n ti wé ìwé pamọ́, wọ́n ń dúró de ìkórè. Èmi ni mo kọ́ wọn. Èmi tí mo fẹ́ kí ibẹ̀ yè ni mo fẹ́ pa á. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyáàfin, pẹ̀lú orúnkún yìí, mo ní èmi ni kí ẹ mú, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Kò tíì dá mi lóhùn tí mo fi dìde sáré lọ lu aago ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn tú jáde, wọ́n rò pé iná ló sọ. Mo ní ẹ mú ìwé wá bẹ́ ẹ ṣe wà, ẹni tí kò bá ní nǹkan kó bu omi! Rùkáyátù gba igbe náà wọ ọjà.

Àkàndé, ká ní o wà níbẹ̀. Wọ́n ń jáde láti ojúlé dé ojúlé, àgbà, ọmọdé, ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún, nǹkan lọ́wọ́ òsì. Ẹnì kan mú omi tútù nínú ife, ẹnì kan mú ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, ìyá arúgbó kan já ewé ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Reuben wé ìwé katakata sínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹyin kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ìyáàfin bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Reuben ní ìtìjú ni, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún un. Obìnrin náà dúró, ó gbọ́ ọ dópin. Ó tú gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní ẹ bu iyán fún mi. Kí Ọlọ́run bù kún un, ó jẹ ẹ́ tán.

Ìwé dé láti Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọn ò ní tì í mọ́. Silas ń kà á fún wa lábẹ́ máńgòrò, ó ń sunkún, àwa náà ń sunkún. Ó ti lẹ pátákó tuntun mọ́ ara ògiri pé a lè dá ìwé padà lọ́wọ́ òfo. A ò gbà, ṣùgbọ́n a ò bá a jiyàn.

Òrùlé ibẹ̀ ló kù, ó ń jò, ìlú ló sì máa pààrọ̀ páànù rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé o wà l'Ákùúrẹ́, nítorí náà fi tìrẹ ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ Joy, kó o sì tètè fi ránṣẹ́ kí òjò tó ṣú, kí owó náà má baà tutù lójú ọ̀nà. Ra awò ojú fún mi, èyí tó ń jẹ́ kí lẹ́tà tóbi. Ìwé tí àwọn ọmọ rẹ ti kà tán, kó wọn bọ̀ fúnra rẹ. Ọ̀nà ò jìn, mọ́tò ló ń rìn ín, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ọlọ́run á pèsè fún ọ. Ilé rẹ ò ní tutù, ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, wàá jẹun ọmọ pẹ́ bí èmi ṣe ń jẹ tìrẹ.

Bí o bá pè mí lọ́sàn-án tí mi ò gbé e, má sáré, má sì pe pásítọ̀ bíi tìjọ́sí kó wá wò mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wà láàárín èèyàn lábẹ́ máńgòrò, Silas ò sì gbà ká gbé fóònù níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mary.