Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Sí Ní Gbọ̀ngàn

                                        Ilé onílẹ̀kùn pupa,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà.

Alápá-Irin, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ ti le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kí yín tán ná, kí ìbínú tó gba kálàmù lọ́wọ́ mi. Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi, ìwọ gan-an lo sì bí mi nínú.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ mi ti gbé wa wá síbí, kò sí ilé ẹ̀kọ́ kàrátè kankan nítòsí. Mo wá a títí. Ẹnì kan tí a jọ ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ bi mí pé ṣé ọkọ mi ń lù mí ni. Mo ní rárá o. Ó ní, "Àbí ìwọ lo fẹ́ máa lù ú?"

Ni mo bá sọ yàrá wa di ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, àti ọ̀nà tóóró kan, ó tán. Láràárọ̀ ni mò ń ṣe kátà níbẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ bí Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kàrátè lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ṣe tò ó fún wa. Mo kọ̀wé sí ọ pé bẹ́ẹ̀dì ń dí mi lọ́wọ́. O ní àwáwí ni, kí n yí i po. Mo sì yí i po, títí ara mi fi mọ̀ ọ́n láìsọ fún mi.

Ọjọ́ ìdánwò bẹ́líìtì dúdú wá dé, mo sì wá sọ́dọ̀ yín. Gbọ̀ngàn yín fẹ̀ bíi pápá. Ibi tó yẹ kí n ti tẹ̀ síwájú tààrà, ẹsẹ̀ mi yà. Mo fi ìbàdí yẹ etí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí níbẹ̀, mo tún ká ìgúnpá kò kó má baà gbá kọ́bọ́ọ̀dù! Ọ̀gá ní, "Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, kí lò ń yẹ̀ fún?" Kí n tó lanu, ìwọ lo pariwo látẹ̀yìn: "Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀dì ni o! Ayíbẹ́ẹ̀dìpo rèé!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ti pé mo fìdí rẹmi kọ́ ló ń bí mi nínú. Bóyá mo tilẹ̀ ti dàgbà jù. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń lọ aṣọ. Àmọ́ ìwọ lo ní kí n yí i po! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó wá fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, mo tú bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi bá mi níbi tí mo ti ń wọ́ igi rẹ̀ jáde. Ó ní, "Ìyá wọn, ṣé ilẹ̀ la ó wá máa sùn báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá gbé apá kejì. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì ń kùn, síbẹ̀ òun náà ló ń di ìrọ̀rí mú níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, kí n máa bọ̀ tààrà wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń yà nígbà mìíràn.

Bá mi kí àwọn ará ilé. Sọ fún Ọ̀gá pé mò ń bọ̀. Tí o bá fẹ́ bẹ̀ mí, má kọ̀wé: wá, bọ́ bàtà rẹ, kí o gba ìrọ̀rí yẹn lọ́wọ́ ọkọ mi. Orúkọ tí Ọ̀gá sọ mí lọ́jọ́ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì ń jẹ́.

                                        Èmi ni tìrẹ, tìbínú-tìbínú,
                                        Ẹlẹ́sẹ̀-Irin.