Yàrá Tí Ìgbìmọ̀ Kò Ti Bá Akẹ́kọ̀ọ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
“A wọ yàrá náà, a kò bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára kì í ṣe ẹ̀ka ìmọ̀. Irinṣẹ́ lásán ni. Kí Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ àti Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn.”

Bí ìgbìmọ̀ ìwádìí ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà lẹ́nu ìwádìí yìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n wa, Ìyá Sùúrù. Bí a bá là á sí méjì, òkú ni.

Àgbà mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ wá wo kíláàsì orí ayélujára — pẹ̀lú àga lọ́wọ́!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ọ̀gá Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni, kí n gbé e tọ àwọn olùkọ́ lọ. Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ wáyà ni. “Àǹtí Poli, ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ wáyà.” Torí pé ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni mo ti kàwé ló ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn mi tutù débi pé ó yára de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8
Inú ń bí mi débi pé n kò lè kọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo jókòó ti Ìyá Sùúrù bí wọ́n ti ń kọ́ni lórí ayélujára. Wọ́n béèrè ìbéèrè, wọ́n sì dákẹ́ — títí ara fi ń ta mí. Olùkọ́ mìíràn ì bá ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìyá mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gun àga nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òmíràn ń dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lo fóònù tán. Nígbà tó yá, ìdáhùn ya wọlé bí òjò. Ẹ̀ka wo nínú méjèèjì ló ń kọ́ni ní irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìyá fúnra wọn ló wádìí rẹ̀ jáde.

Mo fi èsì tí mo kọ sí ìgbìmọ̀ hàn wọ́n. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, èyí mú ju abẹ lọ. Yọ èébú kúrò, kí o fi òtítọ́ sílẹ̀; ìyẹn ni yóò ta wọ́n lára.” Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti bá wa ṣiṣẹ́ láìmọ̀: ẹnìkan mọ yàrá, ẹnìkan mọ ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀ka ìmọ̀ wa.

Orí pípé. Mo tún èsì náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13
Èsì ti lọ. Kò sí èébú kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa, Ìyá fi ọwọ́ ara wọn kọ ìlà kan sísàlẹ̀: bí ìgbìmọ̀ bá la iṣẹ́ yìí sí méjì, kí ó gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n òun náà mọ́ ọn. Mo bẹ̀, mo bẹ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́. “Ṣé ìgbà tí mo darúgbó ni kí n wá máa bẹ̀rù?”

Bí èsì wa ṣe parí nìyí: “Kí ìgbìmọ̀ fèsì, kó má kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá.”