Yàrá Tí Hítà Kò Dé

Màámi tèmi, ẹ̀yin tí òtútù kò lè mú mọ́,

Hítà ilé wa kú lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òtútù àkọ́kọ́ ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Dallas ni, mo tan hítà, ó kùn díẹ̀, ó sì dákẹ́. Òun náà ti darúgbó. Lókè àjà ni mo bá a nígbà tí mo ra ilé yìí ní Oak Cliff, ibẹ̀ náà ni mo sì fi í sílẹ̀ sí. Kìkì fílítà rẹ̀ ni mo máa ń pààrọ̀ nígbà tí mo bá rántí. Wọ́n ní ó yẹ kí èèyàn pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún kí òtútù tó dé. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé ó di àmọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí Sátidé kan kọjá láìkán epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹ ò bá ti bá mi wí.

Ọkùnrin tó wá wò ó ní irin inú rẹ̀ ti sán, pé èéfín gáàsì lè gba ibẹ̀ wọ inú ilé, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Mo ní kó gbé tuntun wá. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, bó ṣe ń tú ògbólógbòó yẹn, ó pè mí pé kí n gòkè wá wo nǹkan. Mo fi sílípáàsì gun àkàbà. Ó tan iná sí igun kan, mo sì rí ọ̀kan nínú àwọn páìpù ńlá tó ń gbé ooru lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó ti yọ lẹ́nu ihò rẹ̀, ó sùn gbalaja sórí àjà, eruku sì ti bò ó. Ọkùnrin náà ní ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti wà bẹ́ẹ̀, tó ń fẹ́ ooru sí àwọn eku. Ó wá bi mí pé ta ló ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni.

Yàrá yín ni, Màámi.

Ẹ sì sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ dé, ẹ ní, "Ọmọ mi, yàrá yìí mà tutù o." Èmi ọ̀mọ̀ràn dá yín lóhùn pé, "Màámi, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni. Ó máa mọ́ yín lára." Mo ra súẹ́tà méjì àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fún yín, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ. Nígbà tí mo rí i pé ẹ ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì hítà lára ògiri, mo fi nọ́ńbà àṣírí tì í pa, kí ẹ má bàa lè yí i. Láti ọsíbítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń fi fóònù wọn ooru fún yín, bí ẹni ń pín ẹran fún ọmọdé. Ọmọ mi obìnrin pàápàá sọ fún mi: "Mommy, Grandma's room is freezing." Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Àgbà sọ ọ́, ọmọdé sọ ọ́, èmi tí mo wà láàárín ni etí mi di.

Ìgbà yẹn ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ lójoojúmọ́. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀, aṣọ iṣẹ́ mi tí mo ti lọ̀, kódà kọ́tìnnì. Ẹ ó kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ, ẹ ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ náà, ẹ ó ṣí Bíbélì yín, ó di ìgbà tó bá dúró. Mo ń fi yín yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Màámi kì í lè jókòó lásán. Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ yín: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yìí mọ́!" Ẹ ní kí n má bínú, ẹ sì ká aṣọ náà. Orí àkàbà yẹn ni mo ti mọ ohun tí ẹ ń wá lọ sí ìdí ẹ̀rọ yẹn. Mo sunkún níbẹ̀, ọkùnrin ọlọ́kùnrin sì ń díbọ́n pé òun ń wá ìdè tí òun ó fi so páìpù.

Kí ló dé tí ẹ ò pariwo? Ẹ̀yin tí ẹ lè torí bọ́tìnnì aṣọ kan bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ṣé nítorí pé ilé àkọ́kọ́ tí mo ní nìyí ni, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi gbé inú àpátímẹ́ǹtì ní Vickery Meadow, tí mo sì ń mú gbogbo àlejò yí i ká? Oṣù mẹ́fà la jọ ṣàdéhùn pé ẹ ó lò. Oṣù méjì péré lẹ lò tí ẹ fi ní àárò ṣọ́ọ̀ṣì yín ń sọ yín. Mo fi ìbínú díẹ̀ wà yín lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni lóòótọ́, àbí òtútù ló lé yín kúrò nílé mi? Kí òjò ọdún yẹn tó dá ni ọkàn yín dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé òtútù kọ́ ló pa yín. Àmọ́ oṣù mẹ́rin ni ẹ yẹ kí ẹ tún lò lọ́dọ̀ mi, ó sì dun mí púpọ̀.

Hítà tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ti fi ìdè irin so páìpù yẹn padà, mo sì ti bá a ṣàdéhùn pé kó máa wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Mo ti yọ nọ́ńbà tí mo fi ti bọ́tìnnì ara ògiri. Nígbà tó lọ tán, mo wọ yàrá yín, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Kò pẹ́ tí ooru fi bà lé mi lórí láti òkè. Mo bọ́ súẹ́tà mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí àbúrò yín pè yín láti Ìbàdàn. Mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Súẹ́tà méjèèjì wà lọ́rùn yín, ẹ da ìró bora lé e, ẹ ki ọwọ́ kan bọ àárín orúnkún. Ó bi yín bóyá òtútù Amẹ́ríkà kò yọ yín lẹ́nu. Ẹ ní, "Rárá o. Ilé ọmọ mi móoru." Orí mi wú, mo sì bá tèmi lọ.

Màámi, irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ẹ pa láyé yín nìyẹn, nítorí mi lẹ sì ṣe pa á. Láti Tọ́sìdé, ó ti di òótọ́. Ilé ọmọ yín móoru.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tó ń tọrọ àforíjì.