Gílóòbù Kan, Fírísà Mẹ́ta

Bàbá mi tí mi ò rí pè mọ́,

Inú ń bí mi. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí n tó kí yín. Tiransifọ́mà àdúgbò wa jó, wọ́n ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan dáwó. Bùọ̀dá Gàníyù, àkọ́bí yín tó jókòó sórí àga yín, pín tiwa ní dọ́gbadọ́gba: iye kan náà fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Òun tó ní fírísà ẹja mẹ́ta, iye kan. Ìyá Sàlámọ̀, opó àbúrò yín, tí kò ní ju gílóòbù kan tó fi ń bó ẹ̀gúsí tà nírọ̀lẹ́, iye kan náà. Ṣé òdodo nìyẹn?

Mo bá a jà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ iná méjì, pé ẹni tó ṣiṣẹ́ là kò dẹ́ṣẹ̀. Ìjọba pàápàá, tí a kì í yìn, ti ń pariwo lórí rédíò pé kí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó nǹkan má san owó orí, kí ọlọ́rọ̀ san jù ú lọ. Ilé wa nìkan ni ò gbọ́.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí a dáwó gbẹ́ kànga wa? Ẹ na ọwọ́ yín sójú agbo, ẹ ya àwọn ìka náà, kí gbogbo wa rí i pé wọn ò dọ́gba. Ẹni tó ní màlúù mówó ńlá wá. Ìyá Sàlámọ̀ gbé gààrí wá fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, ẹ sì gbà á bí ẹni tó san tiẹ̀ pé. Ojú ta ni ò sí níbẹ̀ nínú wa?

Iná dé lọ́jọ́ Jímọ̀, Bùọ̀dá ní kí wọ́n gé wáyà ìyá náà, torí kò rí tiẹ̀ san. Ó gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ sẹ́bàá títì, ó ń fi iná ọ̀kadà bó o. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo bá pe oníná, mo ní kó fa wáyà láti yàrá yín lọ sí tiẹ̀. Bùọ̀dá fúnra rẹ̀ ló san ti yàrá yín, nítorí ojú ayé. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá yín pẹ̀lú ìbínú, ó bọ́ bàtà bó ṣe máa ń bọ́ ọ nígbà ayé yín, ó sì padà sẹ́yìn láìwọlé. Tó bá fẹ́ gé e, yàrá bàbá rẹ̀ ni yóò ti gé e. Orí bẹ́ẹ̀dì yín ni mo jókòó sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí sàréè yín mọ́lẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó sì jogún agídí yín.