Ọkàn Òjòlá Tó Fẹ̀, Tó Tún Padà

Bàbá mi, télọ̀ mi àtàtà,

Àná ló yé mi. Mo da ikùn délẹ̀ lẹ́yìn táǹkì omi Màmá Nkechi ní ìlú Oba, nítòsí Onitsha, mo gbé ẹ̀rọ síkáànù kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń wo inú aboyún, lé ara òjòlá, mo sì rí i pé ọkàn rẹ̀ tó fẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Mo ké débi pé àwọn ewúrẹ́ sá. Inú mi ṣì ń dùn títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní yunifásítì òkèèrè ń retí ìdáhùn mi ní ọjọ́ Ajé, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó. Màmá Nkechi, ìyàwó onílé tó gbà yín sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ló pè mí pé Nne ti dé. Nne, ìyá, ni àwọn Igbo ibẹ̀ fi ń pọ́n òjòlá lé. Wọn kì í pa á. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa á, wọ́n á sin ín bí ẹni sin ènìyàn. Màmá Nkechi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkàn ejò ni mo lọ kà, ni mo bá wọ kẹ̀kẹ́ láti Onitsha. Lọ́jọ́ náà, inú Nne ṣófo. Ọkàn rẹ̀ kéré, ó ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé odindi òròmọdìẹ mì. Nígbà tí mo fi padà dé, ọkàn yẹn ti fẹ̀, ó ń sáré bí màṣíìnì yín nígbà Kérésì.

“Nwa m, my pikin, Nne no get belle o!” ni Màmá Nkechi ń pariwo lẹ́yìn mi. “Wetin you dey find for there?”

“Mama, na heart I dey find.”

“Heart? Who break am?”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Bàbá, ó lè pẹ́ gan-an kí ejò yìí tó jẹun, gbogbo inú rẹ̀ á sì rọra sùn. Oúnjẹ wọlé báyìí, ìfun á nípọn, ẹ̀dọ̀ á tóbi, ọkàn á fẹ̀ kó lè gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri. Iṣẹ́ tán, kálukú á kéré padà. Mo ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan fún un. Mo bi Màámi pé kí ni Yorùbá ń pè é, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. “Gírámà ni gbogbo ìyẹn. Kí oúnjẹ ṣara lóore náà ni.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Màmá Nkechi tún sọ ìtàn yín fún mi. Ẹ ò tíì gbọ́ Igbo nígbà náà. Òjòlá kan ká ara rẹ̀ jọ sábẹ́ màṣíìnì yín, ni àwọn aládùúgbò bá ń ké, “Tela! Eke! Eke!” Ẹ rò pé èké ni wọ́n ń pè yín nítorí ṣòkòtò tí ẹ ti dá ọjọ́ fún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dìde, ẹ gbọ́wọ́ lé àyà: “Èmi kì í ṣe èké o! I swear, trouser go ready tomorrow!” Wọ́n ní ejò ni wọ́n ń wí, pé eke ni òjòlá ń jẹ́ ní Igbo. Wọ́n ní orí tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ ni ẹ ti parí ìbúra yẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ṣòkòtò ọ̀hún sì délẹ̀ lọ́jọ́ kejì?

Mo rántí ọjọ́ tí dókítà sọ pé ọkàn yín ti tóbi jù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo rò pé ohun rere ni kí ọkàn tóbi. Ẹ délé, ẹ fa téèpù yín, ẹ wọn àyà yín níwájú dígí, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni ẹ ń wá? Mi ò bi yín. Lẹ́yìn tí mo lọ sókè òkun pàápàá, ẹ ń bá mi sọ Yorùbá lórí fóònù, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Àná ni mo tó mọ̀ pé fífẹ̀ gan-an kọ́ ni àìsàn. Ti òjòlá ń fẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà padà. Tiyín kò rí ọ̀nà padà, títí ó fi gbé yín lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tí ọ̀gá mi sì ń wá nìyẹn: báwo ló ṣe ń mọ ọ̀nà padà? Ó fún mi láyè nínú iṣẹ́ náà. Wọn á bọ́ àwọn òjòlá yó, wọn á pa wọ́n, wọn á gbé ọkàn wọn lé òṣùwọ̀n. Síkáànù mi kò lè péye tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Màmá Nkechi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “If na because of your papa, I no fit say make you no go. But no carry that knife story enter my compound.” Ó wá bu ọbẹ̀ fún mi, ó kún àwo.

Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sílẹ̀. Ọ̀kan ní mo ń bọ̀. Èkejì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró síbí, kí n máa fi síkáànù wo ọkàn òjòlá láàyè, bó tilẹ̀ máa pẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ lè fi àyè mi fún ẹlòmíì. Mi ò tíì fi ìkankan ránṣẹ́. Nítorí ọkàn yín ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, Bàbá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èwo ni kí n fi ránṣẹ́?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín dé mùdùnmúdùn.